Ọdún tí Èèkàn Rúwé

Bí oòrùn bá ti mú dáadáa ní abúlé wa, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Òógùn náà dúdú, ó ki, ó sì ń dán. Yóò yọ jẹ́ẹ́ láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, yóò tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, títí ìrọ̀lẹ́ yóò fi dé tí yóò sì tún le. Ọ̀dà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, ṣùgbọ́n nígbà náà n kò tíì mọ̀ pé ọ̀dà àti títì bá ara wọn tan. Lójú mi, ilẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ wa, tó ń sùn lọ́sàn-án, tí ooru sì ń mú. Abúlé wa kò jìnnà sí Agbabu. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti apá ibẹ̀, òórùn kan náà ni àwa àti àwọn jọ ń gbọ́. Àwọn ọkùnrin a máa fi ọ̀dà náà dí ojú ibi tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń jò, àwa ọmọdé a sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbé e wọlé, èyí tó máa ń fa igbe. Epo pupa ni a fi ń ṣí i kúrò lẹ́sẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ títì, tí òórùn yẹn gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé, mo máa ń gbàgbé ibi tí mo ń lọ fún ìgbà díẹ̀.

Ilé Yèyé ni mo ń sọ. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi, ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọdún tí àwọn sójà ń ṣe ìjọba, tí ohun gbogbo sì wọ́n. Lórí rédíò, wọ́n ń rọ̀ wá pé kí a fara dà á. Ohùn ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ jọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán tó sì ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀yìn lé. Wàrà ti pòórá, ọṣẹ ti pòórá. Ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tísà, àwọn sójà ń fi kòbókò to àwọn àgbàlagbà sórí ìlà nítorí ọṣẹ kan. Bàbá mi wo ìlà náà, ó wo èmi ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun, nítorí pé kò sí ẹni tó ń tò kó tó jẹ ẹ̀gẹ́ lóko ìyá òun. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní gẹ̀ẹ́sì, kó lè dùn létí ara rẹ̀.

Ìró ni mo fi ń mọ àkókò nílé náà. Bí ojúmọ́ bá ti ń mọ́, Yèyé a ti máa gbàdúrà, àdúrà rẹ̀ sì jọ ìgbà tí ìyá bá ń bá ọmọ tó pẹ́ lójú odò wí: “Olúwa, mo ti sọ fún Ọ lánàá. Ṣé O gbàgbé ni?” Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ewúrẹ́, lẹ́yìn ewúrẹ́ ni ẹyẹ àtíòro lórí igi gíga, tó máa ń kígbe bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́. Ìkálẹ̀ ni Yèyé ń sọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí yìí, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ sì ti bá omi lọ díẹ̀. Pupurú ni oúnjẹ wa. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rogodo bí orí ọmọ tuntun, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín máa yan án. Iṣẹ́ tèmi ni kí n họ ara rẹ̀ tó ti dúdú kúrò kí wọ́n tó gún un. N ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọ̀bẹ lọ́wọ́, èéfín lójú, n ó máa họ orí àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí, n ó máa sọ wọ́n lórúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó fi ọbẹ̀ ilá àti ẹja odò jẹ wọ́n. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti ka ìwé púpọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ nípa ìgbà èwe wọn, mo sì rí i pé gbogbo wọn ló ń ronú jinlẹ̀ láti kékeré. Ní tèmi, ebi ló ń pa mí.

Yèyé fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn oyè. Ó kúrú, ó tín-ín-rín, fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni ó máa ń dé lọ sóko, ó sì gbà pé láti Ọ̀rẹ̀ títí dé Ago Alaye, kò sí ẹni tó mọ kòkó tọ́jú bí òun. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè, ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn. Àwọn àlejò tó wá láti òkè ń dá oko lórí ilẹ̀ rẹ̀, ìlànà ibẹ̀ kò sì ṣòro. Àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo àti ata, ohun tí yóò gbó tí yóò sì kúrò nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́. Ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ti sọ láìlanu pé òun ló ni ilẹ̀ náà. Wọn yóò so màrìwò sí igi náà, àdá ẹnikẹ́ni kò sì ní í kan ibẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe onílẹ̀, títí ẹni tó gbìn ín yóò fi jáde síwájú àwọn àgbà, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Bó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán. Kò ní í dáwọ́ lé ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ onílẹ̀, ẹni tó bá sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba àṣẹ, olè ni òun náà.

Mo rí i bí wọ́n ṣe ṣe é fún Bàbá Dúpẹ́. Ọkùnrin gàgàrà kan ni, àlejò tó ti ń dá oko lọ́dọ̀ Yèyé kí wọ́n tó bí mi. Ó gbin ọsàn kan síwájú ahéré rẹ̀ nítorí pé ìyàwó rẹ̀ lóyún, ọsàn sì ń wù ú. Ọsàn náà kò ga ju orúnkún mi lọ. Yèyé so màrìwò sí i, ó sì pe àwọn àgbà jọ sí àgbàlá wa.

“Bàbá Dúpẹ́, ta ló gbin èyí?”

“Èmi ni, Yèyé. Ẹ má bínú. Ọsàn ló ń wu ìyàwó mi.”

“Ọsàn yìí kò ní í so títí ọmọ inú rẹ̀ yóò fi máa lọ ilé-ìwé. Ṣé oyún ọdún mélòó ni ó ní?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Dúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ní, “Ilẹ̀ kì í ṣe tèmi.” Yèyé ní kó dìde, ó ní kí n bu omi fún un, ó sì bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Mo rò lọ́jọ́ náà pé Yèyé ti le jù. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin kan dé láti ilé-iṣẹ́ kan, ó ní ìjọba ti fún àwọn láṣẹ láti wa ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ wa. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. N kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì jọ pé òun náà ti gbàgbé. Bàtà tó ga dé orúnkún ni ó wọ̀ nínú ooru yẹn. Ó dúró lórí odó wa tó dojú dé, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń du ipò.

“Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọrọ̀ ló wà lábẹ́ yín o! Títì máa wà, iná máa wà, ilé-ìwòsàn máa wà!”

“Ta ni yóò máa gba orí títì náà,” ni Yèyé béèrè, “nígbà tí ẹ bá ti kó wa kúrò?”

“Mama, ẹ̀bá títì ńlá ní Ọ̀rẹ̀ ni a máa kó yín lọ. Ẹ ó máa gbọ́ ìró mọ́tò tọ̀sán-tòru.”

“Mo ti ń gbọ́ ti ewúrẹ́.”

“Ìjọba máa sanwó kòkó yín. Ilẹ̀ nìkan ni ẹ kò ní í gba owó rẹ̀, torí ìjọba ló ni ilẹ̀.”

“Ìjọba wo? Èyí tó wà níbẹ̀ lánàá, àbí èyí tó wà níbẹ̀ lónìí?”

Ẹnjiníà wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá sójà wà nítòsí, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lórí odó. Ó ní bí òjò ọdún náà bá ti dá, katapílà yóò dé. Ní ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí pé Yèyé kò jẹun lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kì í kọjá níwájú Yèyé kó má bá a sọ̀rọ̀. Bí katapílà bá dé, kòkó etí odò lọ, ilé lọ, ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá mi sí lẹ́yìn ilé náà lọ. Mo gbìyànjú láti rí Yèyé nínú ọkàn mi, kó jókòó lẹ́bàá títì ní Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà ọkọ rẹ̀ lórí, kó máa wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Benin. N kò rí i. Ojú mi rí títì, ó rí bọ́ọ̀sì, ibi tí Yèyé yẹ kó wà sì ṣófo.

Èèkàn ni wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀. Èèkàn irin tí Ẹnjiníà ń retí láti Èkó kò dé. Ó ní láti jẹ́ pé irin náà ti wà lórí ìlà níbì kan. Ó ní kí àwọn lébìrà gé igi. Àwọn àlejò wa ni lébìrà rẹ̀, nítorí àwọn ló wà nítòsí, Bàbá Dúpẹ́ sì ni olórí wọn. Igi ìyeyè ni wọ́n gé, nítorí pé ìyeyè rọ̀, àdá kan ti tó o. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ ohun tí ìyeyè máa ń ṣe bó bá fara kan ilẹ̀ tútù. Òun ni a fi ń ṣe ọgbà ewúrẹ́. Ẹnjiníà kò béèrè, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Wọ́n kun orí àwọn èèkàn náà ní pupa, wọ́n sì rì wọ́n láti etí odò, gba àárín kòkó Yèyé tó dára jù, gba inú àgbàlá wa kọjá. Ọ̀kan bọ́ sí àárín ilé àti ilé ìdáná. Báyìí ni ilé ìdáná ṣe di ti ìjọba, tí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣẹ́ kù fún wa. A ń se oúnjẹ nílẹ̀ ìjọba, a sì ń gbé e lọ jẹ nílẹ̀ tiwa.

Ìjà bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù sì jà bó ṣe mọ̀ ọ́n jà. Ìwé ẹ̀hónú ni bàbá mi fi jà. Ní ọjọ́ Ẹtì yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé láti Ọ̀rẹ̀, yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì ka ohun tó kọ fún wa sókè. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ gùn débi pé o lè lọ pọnmi kí o sì dé kó tó mí.

“Kí ló sọ?” ni Yèyé yóò béèrè.

“Ó ní a kò fẹ́.”

“Gbogbo ìyẹn ni a kò fẹ́?”

“Yèyé, bí a ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ nìyẹn.”

“Abájọ tí wọn kì í gbọ́.”

Wòlíì ìjọ Aládùúrà, tí ilé àdúrà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, fi ààwẹ̀ jà. Ààwẹ̀ kò ṣòro lọ́dún yẹn. Ó wọ sùtánà funfun, ó gbé agogo, kò wọ bàtà, ó sì ń yí àwọn èèkàn náà ká lọ́sàn-án gangan títí ó fi dé etí odò, níbi tí ọ̀dà ti gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ń pe orúkọ Jésù, àwa rò pé ẹ̀mí ló gùn ún. Ìgbà tó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni a tó gbé epo pupa lọ. Àwọn àgbà abúlé náà lọ rí ọ̀gá sójà ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní. Àwọn sójà ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

N kò mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni gbogbo èyí. Ohun tí mo rántí ni àwọn ìrọ̀lẹ́ ìpàdé ní àgbàlá wa, tí n ó gbé orí lé itan Yèyé, tí ohùn àwọn àgbà yóò máa ga, yóò máa lọ sílẹ̀, bí omi tó ń ru nínú ìkòkò tí wọ́n dé. N ó máa wo ojú ọ̀run láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Òórùn tábà, òórùn èéfín pupurú, ọwọ́ Yèyé lórí mi, ó ń tú irun mi láìmọ̀ pé òun ń tú u. Ẹnìkan á ní “wọ́n máa lé wa,” ọ̀rọ̀ náà á sì kọjá lókè orí mi bí ẹyẹ tó ń lọ sílé. Mo ti lọ yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti jókòó ní ìpàdé tí a ti ń jẹ àkàrà òyìnbó, tí a sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán lára ògiri. Kò sí itan kankan níbẹ̀ tí mo lè gbé orí lé.

Òjò dé. Ó rọ̀ bí ẹni tí ó ti ń pa á mọ́ra tipẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jáde láti lọ dáná, mo sì fẹ́ fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ sórí èèkàn tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ewé ni. Ewé kékeré, ó rọ̀, ó pupa díẹ̀ létí, ó yọ láti abẹ́ ọ̀dà pupa tí Ẹnjiníà kùn ún. Mo kígbe pe Yèyé. Wòlíì ló kọ́kọ́ dé.

“Ọ̀pá Árónì!” ló pariwo, ó sì dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. “Ọ̀pá Árónì ti rúwé! Mo sọ ọ́! Ṣé n kò sọ ọ́?”

“O kò sọ ọ́,” ni Yèyé wí. “Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ewé náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó rìn tẹ̀lé ìlà náà wọ inú kòkó lọ, èmi lẹ́yìn rẹ̀, omi òjò ń kán lé wa lórí. Gbogbo wọn ló ti rúwé, wọ́n tò lọ títí dé etí odò bí ọmọ ilé-ìwé tó wọ aṣọ tuntun. Yèyé dúró. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Igi tó ń pẹ́. Wọ́n gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ mi.” Inú bí i gan-an, bí inú ṣe bí i lórí ọsàn ọjọ́sí. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí máa ń sọ pé ọgbọ́n ló ta. Mo wà níbẹ̀. Ìbínú ni.

Kí oòrùn tó là, màrìwò ti wà lára gbogbo èèkàn. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Yèyé ní kí a kó àdògán àti ìkòkò jáde ní ilé ìdáná.

“Kí ló dé tí ẹ ń dáná níbí?” ni bàbá mi béèrè nígbà tó dé lọ́jọ́ Ẹtì tó bá wa nínú èéfín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a ń dáná lẹ́bàá àga tó fi ń kàwé.

“Ilé ìdáná wà nínú ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.”

“Yèyé, ilé ìdáná yín ni!”

“Ọsàn ọjọ́sí, ilẹ̀ mi ló wà. Ṣé mo fọwọ́ kàn án kí ọ̀rọ̀ tó tán?”

Èyí tó le jù ni kòkó. Kòkó etí odò gbó nínú òjò yẹn, ó pọ́n, ó sì wà láàárín èèkàn. Yèyé kò ká a. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ a lè rí i bí àwọn èso náà ṣe ń pọ́n rẹ̀rẹ̀ lára igi, lẹ́yìn náà bí àmì dúdú ṣe ń mú wọn láti ìdí, nítorí pé kòkó tó bá pẹ́ lórí igi nínú òjò yóò rà. Nínú ọdún tí kò sí nǹkan kan, kòkó yẹn ni nǹkan tó wà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

“Yèyé, ta ló máa rí yín? Ẹ jẹ́ kí n lọ ká a láàárọ̀ kùtùkùtù.”

“Bàbá Dúpẹ́ máa rí mi.”

“Kí ló kan Bàbá Dúpẹ́?”

“Òun ni wọ́n máa ní kó gbé àdá bí Ẹnjiníà bá dé. Bí mo bá wọ ibẹ̀ ká kòkó, ó máa mọ̀ pé èké ni mo fi òfin yẹn pa nígbà tí mo mú un dọ̀bálẹ̀. Ó sì máa gé igi mi, mi ò ní í ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.”

Bàbá mi nu ojú rẹ̀. Èéfín ń ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ka ìwé ẹ̀hónú fún wa mọ́. A ń jẹ pupurú pẹ̀lú ata àti iyọ̀. Yèyé a máa jókòó, a máa kọjú sí kòkó rẹ̀ tó ń rà, kò ní í gbójú kúrò; ó ń wò ó bí a ṣe ń wo aláìsàn tí a kò lè ràn lọ́wọ́. Mo máa ń jókòó tì í. Òjò ń rọ̀ láàárín àwa àti kòkó náà bí aṣọ títa, lójú mi ó sì dà bí ẹni pé àwa la wà nínú omi, tí kòkó sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Nígbà tí òjò dá, Ẹnjiníà dé nínú lándírófà pẹ̀lú sójà méjì. Àwọn lébìrà rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn tàwọn tàdá. Àwọn àgbà ti jókòó sí àgbàlá, Yèyé wà láàárín wọn. Ẹnjiníà rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn, ó wo ìwé àwòrán ọwọ́ rẹ̀, ó sì fara ti igi kékeré kan lẹ́bàá ilé ìdáná.

“Mama, níbo ni èèkàn wa wà?”

“O fara tì í.”

Ó bojú wẹ̀yìn. “Èyí? Igi nìyí.”

“Ìwọ lo gbìn ín.”

“Mi ò wá síbí wá gbin igi, Mama. Ẹ gé e dànù, jàre.” Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn lébìrà. Kò sí ẹni tó gbé àdá. “Kí ló dé?”

“Màrìwò wà lára rẹ̀, sà,” ni Bàbá Dúpẹ́ wí.

Wọ́n ṣàlàyé fún un, gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà: pé ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé kì í ṣe tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé àdá níbẹ̀. Ẹnjiníà gbọ́ ìyẹn, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wo aago. Ó yíjú sí àwọn sójà, ó ní àṣà ìbílẹ̀ ni, wọ́n sì fẹ̀rín sí i.

“Ìyẹn nìkan ni ẹ fẹ́?”

“Ìyẹn nìkan,” ni Yèyé wí.

Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba bí òṣèré orí ìtàgé, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo abúlé lè gbọ́ bí òun ṣe jẹ́ ènìyàn rere tó. “Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ wa. Ó tó bẹ́ẹ̀, Mama?”

“Ó tó.”

Yèyé dìde, ó tú màrìwò náà fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. “Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Àwọn lébìrà wo Bàbá Dúpẹ́. Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ ní ilẹ̀ kì í ṣe tiyín, sà.”

“Eré ni mo fi ṣe!”

“Èmi náà, eré ni mo fi gbin ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí yẹn, mo sọ ohun tí ẹ sọ, mo sì pa á mọ́. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́ tí ẹ kò pa á mọ́, a jẹ́ pé èmi nìkan ni òmùgọ̀ abúlé yìí.” Ó yíjú sí Yèyé. “Yèyé, ṣé ẹ fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yín?”

“Mi ò fún un láṣẹ.”

“Ẹ gbọ́ o, sà.” Ó kọjá lọ sílé rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ẹnjiníà pariwo, ó pe òfin, ó pe ìjọba, ó pe orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tí a kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn sójà fa kòbókò yọ, ó wo igbó tó wà níwájú rẹ̀ láti ibí dé odò, ó sì dá kòbókò náà padà sí bẹ́líìtì. Èkejì sọ ní pijin pé kí àwọn máa lọ, pé wọn kò gba òun síṣẹ́ láti máa ṣán oko.

Wọn kò padà wá. Bàbá mi sọ títí ó fi kú pé ìwé ẹ̀hónú òun ló dé ibi tó yẹ. Wòlíì gbé Árónì lọ sí gbogbo ìsọjí láti ibẹ̀ dé Odigbo. Àwọn kan tó mọ̀ nípa nǹkan báyìí sọ fún mi pé owó ló tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, bó ṣe tán lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àti pé kò pẹ́ sígbà náà tí orin sójà tún dún lórí rédíò, tí ẹlòmíràn sì gorí àga. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ìjọba tó ti jẹ láti ìgbà náà ló ti sọ̀rọ̀ ọ̀dà wa pẹ̀lú ìtara, ọ̀dà náà sì wà níbi tó wà. Bàbá Dúpẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí ó fi jẹ́ ìyeyè ni ó gé láàárín gbogbo igi inú igbó. Mo bi í nígbà tí mo dàgbà. Ó ní àdá òun kò mú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí eruku lándírófà tó rọlẹ̀, Yèyé ti wà nínú kòkó. Bàbá mi sáré wọ ibẹ̀ tòun ti sókòtò tísà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Yèyé, a borí! A borí wọn!”

Yèyé kò wo ẹ̀yìn. Ó ti ká kòkó kan, ó fi àdá là á sí méjì, inú rẹ̀ dúdú. Ó jù ú nù, ó ká òmíràn.

“Borí kí ni? Gba agbọ̀n yìí.”

Bàbá mi gba agbọ̀n. A ká a títí oòrùn fi ń wọ̀, gbogbo wa, a ń là á, a ń wò ó, a ń jù ú nù. Èyí tó bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tó dára lọ. Yèyé kó hóró èyí tó dára jọ sójú kan lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ewé mìíràn bò ó, bí a ṣe ń bo kòkó kó lè kan kí a tó sá a sóòrùn, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú. Ó ní kí n fi ọwọ́ mi sí abẹ́ ewé náà kí n mọ bó ṣe ń ṣe. N kò mọ nǹkan kan lára lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí n dúró. Mo dúró, òkìtì kékeré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀díẹ̀ láti inú.